Ìjókòó Ife Onírọ́bà fún Ilé Tí Ó Ní Kápẹ́ẹ̀tì

Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì láti ṣínu nínú oṣù Ramadan, ife sobo ni ó kọ́kọ́ máa ń dànù. Kì í ṣe àwọn ọmọdé ni ó yẹ kí á máa bá wí ní gbogbo ìgbà. Òwú kápẹ́ẹ̀tì tí ó nípọn kì í tẹ̀ dọ́gba lábẹ́ ife, ife náà ti máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹnikẹ́ni tó fara kàn án, bí ó bá sì wá ga, tí ìdí rẹ̀ kéré, etí agbádá lásán tó láti gbé e ṣubú.

Ìdí nìyí tí mo fi ra ìjókòó ife onírọ́bà. Ó rí bí òṣùká tí à ń gbé ìkòkò lé: ihò wà láàárín tí ife ń wọ̀, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 15, nígbà tí ìdí agolo málítì kò tó 7. Fífẹ̀ yìí ni agbára rẹ̀, nítorí pé ife kì í dojú dé àfi bí ìwúwo rẹ̀ bá fì kọjá etí ohun tí ó fi jókòó. Mo bu omi kún ife gíga kan, mo gbé e sínú ìjókòó náà, mo sì fi ìgbọ̀nwọ́ sún un. Ó mì, omi díẹ̀ ta sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà dúró. Nígbà tí mo yọ ọ́ kúrò nínú ìjókòó náà, ìsúnni kan náà ni ó dà á nù pátápátá.

Àléébù rẹ̀ kò ju pé kọ́ọ̀pù tí ó ní ọwọ́ kì í wọ ihò náà, ẹni tí tíì gbígbóná jẹ lógún sì gbọ́dọ̀ wá irú èyí tí wọ́n la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Kí ẹ ṣọ́ra fún irú ife kan tí wọ́n máa ń tà pọ̀ mọ́ ọn, èyí tí ìdí rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́lẹ̀. Lórí táìlì àti tábìlì dídán, iṣẹ́ rẹ̀ dára púpọ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Lórí kápẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ ń gba àárín òwú wọlé, ife náà kò sì lè lẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Inú mi kò dùn rárá sí bí àwọn oníṣòwò kan ṣe ń tà á láìbéèrè irú ilẹ̀ tí oníbàárà ní.

Bí ẹ bá fẹ́ ra onírọ́bà yìí, ẹ gbé e sọ́wọ́ wò kí ẹ tó sanwó. Èyí tí ó bá fúyẹ́, ẹ dá a padà, nítorí pé bí a bá gbé ife tí ó kún sínú rẹ̀, òkè ni yóò wúwo ju ìdí lọ.