Lẹ́tà tí mo gbà láti Cody lórí ìbọn ọlọ́pàá mi

Winchester Model 1907 ni ìbọn náà, ọta .351 ló ń lò. Ibi gbàǹjo kan níbí ní Amẹ́ríkà ni mo ti rà á lọ́dún tó kọjá. Wọ́n lu òǹtẹ̀ POLICE sí ìdí igi rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìlú kan. Ẹni tó tà á fún mi fi gbogbo ẹnu sọ pé ara èyí tí iléeṣẹ́ dìídì ṣe fún àwọn ọlọ́pàá ní 1934 ni, nígbà tí wọ́n ń lé àwọn adigunjalè onímọ́tò kiri. Owó ìtàn yẹn wà nínú owó tí mo san.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀ kò tó 10,000, bẹ́ẹ̀ irú ìbọn yìí tí iléeṣẹ́ Winchester ṣe nílùú New Haven láti 1907 títí dé apá ìparí àwọn ọdún 1950 tó nǹkan bí 58,000. Báwo ni nọ́ńbà kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe máa jẹ́ ti 1934? Mo fẹ́ gbọ́ oríkì ìbọn mi lẹ́nu ilé tó bí i, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó ń tà á.

Ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ Cody Firearms Museum, nílùú Cody ní Wyoming, ni mo kọrí sí. Ọwọ́ wọn ni ìwé ilé ìkẹ́rùsí Winchester wà, èyí tí àwọn akọ̀wé fi ọwọ́ kọ ní ìbọn kọ̀ọ̀kan. O lè pè wọ́n kí wọ́n bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò, o sì lè sanwó kí wọ́n kọ lẹ́tà fún ọ. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ mùsíọ́mù ń san kéré sí ti àwọn yòókù.

Mo kọ́kọ́ pè. Obìnrin tó dá mi lóhùn ka ohun tó rí fún mi: igi àtàtà, tí wọ́n fín. Igi tèmi rèé, gbọọrọ lásán, kò sí fínfín kankan lára rẹ̀. Òun ló rọra ní kí n tún nọ́ńbà náà wò. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo fi òwú tí mo ti kán epo sí nù ún, mo gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e. Ohun tí mo ń kà sí 3, àṣé 8 ni! Ìdọ̀tí àtọdúnmọ́dún ló dí apá òsì rẹ̀ pa. Kò kanra mọ́ mi rárá, ó tún un wá, gbogbo rẹ̀ sì bára mu.

Nígbà tí lẹ́tà dé, mo jókòó tì í pẹ́. Irú ìbọn tó jẹ́ wà níbẹ̀, ọta tó ń lò, ọjọ́ tó wọ ilé ìkẹ́rùsí, ọjọ́ tó jáde níbẹ̀ àti nọ́ńbà ọjà, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fún ìwé tí wọ́n fi béèrè ọjà tó bá jáde. 1908 ló jáde. Ọdún 26 ṣáájú ìtàn tí mo fowó rà. Mo fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á fún mi, títí di òní kò fèsì.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín dáadáa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣì í lóye: lẹ́tà yìí kì í sábà dárúkọ ẹni tó ra ìbọn. Nọ́ńbà ọjà ni àwọn akọ̀wé Winchester ń kọ dípò orúkọ. Nítorí náà kò sọ pé irọ́ ni òǹtẹ̀ tó wà lára igi mi. Ọlọ́pàá lè ra ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù lásán, wọ́n sì lè rà á ní àlòkù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. 1934 nìkan ni lẹ́tà náà wó lulẹ̀, ìyẹn sì tó mi.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ìkarùn-ún kò sí lọ́wọ́ wọn: ìwé Model 1907 tó wà kò kọjá nọ́ńbà 9999, nígbà tí ti Model 1873, ìbọn Winchester mìíràn, dé 720,496. Ó dùn mí, torí àwọn tí ọlọ́pàá rà tuntun láàárín àwọn ọdún 1930 gan-an ni kò sí nínú rẹ̀. Bí nọ́ńbà tìrẹ bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, má sanwó fún lẹ́tà.

Ní tèmi, mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ní ìlú tí orúkọ rẹ̀ wà lára igi náà, pé kí wọ́n bá mi wo àkọsílẹ̀ ohun ìní ọlọ́pàá wọn láti 1908 wá. Nọ́ńbà ìbọn ni mo fi ṣáájú nínú ìwé náà, 8 ni mo sì kọ.