Férémù MTB Olówó Pọ́ọ́kú: Ohun Tí Mo Náwó Lé, Ohun Tí Mi Ò Fọwọ́ Kàn

Kẹ̀kẹ́ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni: MTB (kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún orí òkè àti ọ̀nà gbágungbàgun) ẹlẹ́sẹ̀ íńṣì 27.5, férémù alumíníọ́mù, ṣọ́ọ̀kù níwájú, jíà Shimano Tourney. Kubwa ní Àbújá ni mo ti rà á. Láti ibẹ̀ dé Dutse Alhaji àti Ushafa ni mo ti ń gùn ún, lórí títì ọ̀dà, lórí ilẹ̀ pupa, lórí àpáta. Àwọn tá a jọ ń gùn kẹ̀kẹ́ ní kí n tà á, kí n fowó kún un. Mi ò tà á.

Lójú tèmi, férémù ló dáa jù lára irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀. Bíréèkì, ṣọ́ọ̀kù àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣẹ́ owó kù. Àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ lé e lórí. Bàbá ará Ọ̀fà kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò wa ló bá mi yẹ tèmi wò. Wọ́n dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, wọ́n mú mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tú lára sípíkà rédíò, wọ́n fi kan férémù. Kò lẹ̀ mọ́ ọn.

"Kì í ṣe irin," ni wọ́n wí.

"Ẹ bá mi wò ó, Bàbá, bóyá ó ti sán níbì kan."

Wọ́n rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì, wọ́n nu abẹ́ ọrùn férémù níbi tí páìpù ìsàlẹ̀ ti pàdé rẹ̀, wọ́n nu etí ihò ọ̀pá ìjókòó, wọ́n nu ìdí ibi tí pẹ́dà gbà kọjá. Wọ́n ń wo ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. "Ọ̀dà ló họ, ọmọ mi, kò sán. Ká ní ó sán ni, má wulẹ̀ gbé e lọ bá wẹ́dà kankan."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Férémù irin, wẹ́dà ẹ̀bá títì lè jó o padà. Ṣùgbọ́n ooru ni wọ́n fi ń mú alumíníọ́mù 6061, irú èyí tó wọ́pọ̀ lára férémù, le nílé iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá tún jó o lẹ́yìn náà, ẹ̀gbẹ́ ibi tẹ́ ẹ jó á rọ̀, àfi tí wọ́n bá dá gbogbo férémù padà sínú ààrò. Ta ló ní ààrò yẹn níbí?

Ó wá ku rúlà, ká lè mọ ohun tó lè wọ férémù náà. Ọrùn tèmi gún régé, ọ̀pá fọ́ọ̀kì (apá tó gbé ẹsẹ̀ iwájú dání, tí ṣọ́ọ̀kù wà lára rẹ̀) tó ń wọ inú rẹ̀ jẹ́ 28.6 mm láti òkè délẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀kì gidi tó wà lóde báyìí ló fẹ̀ tó íńṣì kan àbọ̀ nísàlẹ̀. Ọrùn tí inú rẹ̀ bá jẹ́ 44 mm ṣì lè gbà á, tẹ́ ẹ bá fi kọ́ọ̀pù (ilé bọ́ọ̀lù ọrùn) tó yọ síta sí i. Tèmi jẹ́ 34. Kò sí ọgbọ́n tá a lè dá sí i. Àyè tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń wọ̀ náà fẹ̀ tó 135 mm, ẹsẹ̀ ìgbàlódé oní-148 ò lè wọ ibẹ̀. Ọrùn yẹn ni kò jẹ́ kí n ra ṣọ́ọ̀kù. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n fi èyí tó ń rìn 140 mm (bó ṣe ń wọlé tó tá a bá tẹ̀ ẹ́) síbi tí wọ́n ṣe fún 100. Iwájú á ga sókè, gbogbo ìnira á sì wá jókòó sórí abẹ́ ọrùn tí Bàbá fi kẹrosíìnì nu yẹn.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ pààrọ̀. Èyí tó bá a wá, ara họ́ọ̀bù (àárín ẹsẹ̀) ni wọ́n yí jíà mọ́, bọ́ọ̀lù apá ọ̀tún sì jìn sínú, ọ̀pá àárín ló wá ń dá gbé ìwúwo mi. Ṣe ló ń tẹ̀ ṣáá. Èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ ti kasẹ́ẹ̀tì (àkójọ jíà tí wọ́n ń tì wọ ara họ́ọ̀bù), bọ́ọ̀lù rẹ̀ sún mọ́ etí férémù, kò tíì tẹ̀ rí. Mo so jíà mẹ́sàn-án microSHIFT Advent mọ́ ọn, èyí tó tóbi jù lẹ́yìn ní eyín 42, mo sì ti ń fi ìjókòó gun òkè Mpape.

Bíréèkì Shimano MT200 ló tẹ̀ lé e, olóróró ni. Tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ushafa, ìka kan tó láti fi fà á. Ìṣòro rẹ̀ ni pé òróró mineral ló ń lò, ọ̀pọ̀ ripéárà ló sì fẹ́ fi òróró bíréèkì mọ́tò sí i. Ẹ má gbà. Á jẹ rọ́bà inú rẹ̀ run. Mo gbé ìgò tèmi dání lọ́jọ́ tá a ṣe é.

Gbogbo ohun tí mo rà yìí ló lè tẹ̀ lé mi lọ sórí férémù mìíràn tó bá ní ìwọ̀n ẹ̀yìn kan náà. Etí tí jíà ẹ̀yìn rọ̀ mọ́ nìkan ni kò lè lọ, ti férémù kọ̀ọ̀kan ló yàtọ̀. Mo fi pẹ́ńsù ya tèmi sórí bébà kí n tó rí èyí tó bá a mu rà pa mọ́.

Tí férémù bá kéré jù fún yín tàbí tó tóbi jù, ẹ tà á, gbogbo àlàyé yìí ò kàn yín. Tèmi bá mi mu. Wọ́n ń bi mí ìgbà tí màá kùn ún torí ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń họ. Mi ò ní kùn ún. Ọ̀dà tuntun ni kò ní jẹ́ kí n tètè rí i tó bá sán.