Òǹkà yìnyín òkun láti ọwọ́ NSIDC: ohun tí mo rí nínú rẹ̀

Ẹni tó bá ti bá àwọn ènìyàn jiyàn rí lórí àyípadà ojú-ọjọ́ yóò mọ̀ pé kì í pẹ́ tí ẹnì kan fi ń fi yìnyín Òkun Àkítíìkì, ní ìpẹ̀kun àríwá ayé, ṣe ẹ̀rí, tí ẹlòmíràn á sì fi ti Àntàkítíkà, ní ìpẹ̀kun gúúsù, já a nírọ́. Ibi tí mo máa ń yà sí kí n tó dá sí irú iyàn bẹ́ẹ̀ ni Sea Ice Index, àkójọ òǹkà tí àjọ NSIDC (National Snow and Ice Data Center), ibùdó àkójọ òǹkà nípa yìnyín tó wà ní Yunifásítì Colorado ní ìlú Boulder ní Amẹ́ríkà, ń ṣe fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́.

Fáìlì ojoojúmọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ọdún, oṣù, ọjọ́, lẹ́yìn náà ibi tí yìnyín tàn dé ní mílíọ̀nù kìlómítà onígun mẹ́rin. Kò sí àsọdùn kankan níbẹ̀. Bí ènìyàn bá fara balẹ̀ wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, yóò rí i pé láti 1978 títí di 1987, bí wọ́n bá kọ ti òní, wọ́n á fo ti ọ̀la, nítorí bí ẹ̀rọ sátẹ́láìtì ìgbà náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àlàfo kan tún wà láti ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá 1987 wọ Oṣù Kìíní 1988. Wọn kò fi àbá dí i, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí n gbà wọ́n gbọ́.

Ní Oṣù Kẹsàn-án 2012, yìnyín Àkítíìkì sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.4, èyí tó kéré jù lọ nínú àkójọ náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gòkè kọjá mílíọ̀nù 5, àwọn kan sì pariwo pé yìnyín ti padà dé. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni wọ́n, nítorí láti 2007 sí 2024, ọdún méjìdínlógún náà pátá ni yìnyín ìparí ìgbà ooru ibẹ̀ kéré ju ti ọdún èyíkéyìí láti 1979 sí 2006 lọ, 2013 sì wà lára wọn.

Ti Àntàkítíkà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní 2014, yìnyín ibẹ̀ kọjá mílíọ̀nù 20 nígbà òtútù, ẹni tó tọ́ka sí i nígbà náà kò purọ́. Ní 2023, kò tilẹ̀ pé mílíọ̀nù 17. Lójú tèmi, ẹni tó ń fi 2023 nìkan pa ẹnu iyàn dé kò yàtọ̀ sí àwọn onípariwo ọdún 2013.

Kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó ṣọ́ra níbì kan: ìwọ̀n náà kì í ṣe ti yìnyín nìkan, omi òkun wà nínú rẹ̀. Wọ́n pín òkun sí ojú àwọ̀n tó fẹ̀ tó kìlómítà 25 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí yìnyín bá sì bo ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, odindi ni wọ́n kà á sí. Nígbà ooru, omi tó dúró lórí yìnyín lè tan ẹ̀rọ jẹ bí ẹni pé òkun lásán ni. Bí yìnyín ṣe nípọn tó kò sí nínú rẹ̀ rárá, ibòmíràn ni kí a ti wá ìyẹn.