Ta Ló Ń Sùn Tì Í Lóru? Ìfiwéra Ibi Tí Ẹ Lè Fi Ajá Yín Sí ní Òṣogbo Tí Ẹ Bá Rìnrìn Àjò

Ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò ní Òṣogbo, tó sì ní ajá nílé, ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran tó ní yàrá tí wọ́n ń fi ajá sí. Ó lè gbé e lọ sí ilé ajá, ìyẹn ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin ajá tà tàbí tó ń kọ́ ajá, tí wọ́n sì ń bá èèyàn tọ́jú tiẹ̀ fówó. Ó sì lè fi ajá sílé, kó bẹ ẹnì kan kó máa wá sùn níbẹ̀.

"Èló lóòjọ́?" ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ibẹ̀ lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀, ojú mi sì rí nǹkan.

Ajá mi ń jẹ́ Ṣebótimọ. Alsatian ni bàbá rẹ̀, bíńgò àdúgbò lásán ni ìyá rẹ̀. Ìgbà tí mo ń lọ sí Àbújá fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo gbé e lọ sí ilé ajá kan lẹ́yìn ìlú nítorí pé owó tiwọn ló kéré jù. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan ń sùn níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, mo pè wọ́n lórí WhatsApp pé kí wọ́n jẹ́ kí n rí ajá mi. Wọn ò gbé e. Nígbà tó yá, wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù, oòrùn sì ń ràn yòò nínú fọ́tò. Mo wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì: aṣọ pupa kan náà lórí okùn, abọ́ omi kan náà tó dojú délẹ̀ ní igun kan náà. Ọjọ́ tí mo lọ gbé e, omi tí mo bù fún un, kò gbórí sókè títí ó fi lá a tán. Eégbọn mẹ́tàdínlógún ni mo yọ láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan, n ò tíì dé etí. Aládùúgbò wọn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á ti géètì, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ.

Látìgbà náà, kí n tó béèrè owó, ohun tí mo máa ń béèrè ni pé ta ló ń sùn ti ajá lóru.

Òru

Ẹ má rò pé nítorí pé ilé dókítà ni, dókítà wà níbẹ̀ lóru. Ọ̀pọ̀ ibi ìtọ́jú ẹran ló jẹ́ pé wọ́n á tilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, ajá á wà nínú kéèjì, mègáàdì á wà níta. Fún ajá tó ń lo oògùn, ibẹ̀ ṣì sàn ju ibòmíì lọ, torí pé ilẹ̀ mọ́ báyìí ni ẹni tó mọ iṣẹ́ máa rí i. Ẹ wo ara ògiri bóyá ìwé Veterinary Council of Nigeria wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ta oògùn ẹran tó sì mọ abẹ́rẹ́ gún, a kì í pè é ní dókítà.

Ilé ajá, inú ọgbà tí wọ́n kọ́ ọ sí ni kẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tó ni ín bá ń gbé inú ọgbà kan náà pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ lè dáa ju ti dókítà lọ lóru, torí bí ajá kan bá ké lódì, wọ́n á jáde wò ó. Bó bá jẹ́ oko ló wà, tí onítọ̀hún sì ń ti ìgboro lọ lójoojúmọ́, ẹ ti mọ ìyókù.

Ti ilé, ẹni tẹ́ ẹ bá mú ni. Ẹ̀gbọ́n tó dàgbà, ọmọ àbúrò, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN tó ń wá ibi tí iná wà tó máa fi kàwé. Ajá ò kúrò níbi tó mọ̀, olè ò sì rí ilé òfìfo. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé onítọ̀hún á wá lálẹ́ ọjọ́ kìíní àti ìkejì, nígbà tó bá di ìkẹta, á da oúnjẹ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á sì bá tiẹ̀ lọ.

Ibi yòówù kó jẹ́, ẹ jẹ́ kó wà nínú àdéhùn pé ẹ ó máa pè lórí fídíò lálẹ́, ẹ ò sì ní sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa pè. Fọ́tò kì í ṣe ẹ̀rí.

Àìsàn tí wọ́n ń bá wálé

Ibi tí ajá bá ti pọ̀, àìsàn ń bẹ níbẹ̀, ìyàtọ̀ kàn wà nínú irú rẹ̀ ni. Ọ̀dọ̀ dókítà ni wọ́n ń gbé ajá tó ń ṣàìsàn lọ, nítorí náà ẹ bèèrè bóyá yàrá àwọn tó wá sùn yàtọ̀ sí ti àwọn aláìsàn. Bí ògiri kan ṣoṣo bá pààlà sí wọn, tí ọwọ́ kan náà sì ń bù fún gbogbo wọn, ẹ gbé ajá yín padà.

Pávò, àìsàn kan tí ajá ń kó ran ajá, ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù lọ. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, omi àti ọṣẹ lásán ò ràn án, bílíìṣì ló ń pa á. Bí ajá bá kó o, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta sí méje kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kó sì máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ẹ ti sanwó tán nígbà yẹn, ẹ ti gbé e délé, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ yín á sì ní ajá yín dáa nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ òun. Ìdí nìyẹn tí ilé ajá tí kò béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ajá yín fi léwu: kò béèrè ti àwọn yòókù náà nìyẹn. Ọmọ ajá máa ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn títí á fi tó ọ̀sẹ̀ 16. Èyí tí kò bá tíì parí tiẹ̀, ẹ má gbé e lọ sí ibì kankan tí ajá wà. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi yàtọ̀ o. Láti oṣù mẹ́ta ni ajá ti ń gbà á. Ẹ má sì dúró dìgbà tó bá ku ọ̀la tẹ́ ẹ máa lọ kẹ́ ẹ tó lọ gún un, torí abẹ́rẹ́ kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gún un.

Eégbọn ń kọ́? Ẹ tẹ̀ ba, kẹ́ ẹ wo inú pàlàpálá ògiri ilé ajá. Ẹ ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Kírọ́ọ̀sì

Kírọ́ọ̀sì, ìyẹn kí wọ́n mú akọ gun abo, ilé ajá nìkan ló kàn, àwọn èèyàn kì í sì í sọ ọ́. Ẹni tó ń sin ajá tà ní akọ, ó ní abo, tirẹ̀ ni kí wọ́n bímọ. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni abo ajá ń wá akọ, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó rọlẹ̀. Bó bá bọ́ sí àkókò tẹ́ ẹ gbé e lọ, nǹkan bí ọjọ́ 63 lẹ́yìn náà, ẹ ti di bàbá ìkókó mẹ́jọ.

Ti akọ tún burú jùyẹn lọ. Bí Rottweiler tàbí Boerboel yín bá jẹ́ ojúlówó, owó ni wọ́n ń san kó tó gun abo ẹlòmíì, tàbí kẹ́ ẹ ṣa ọmọ kan nígbà tí abo bá bí. Kí ló máa sọ fún yín pé wọn ò ti kírọ́ọ̀sì rẹ̀ mọ́ abo mẹ́ta kẹ́ ẹ tó dé? Ajá ò lè rojọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ ò fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì kọ iye tí wọ́n máa san bó bá ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà, inú kéèjì tó wà ti yọ ọ́ nínú èyí.

Oúnjẹ àti ooru

Ajá tó wọn kílò 30 kì í sábà jẹ ju gíráàmù 400 oúnjẹ gbígbẹ lọ lóòjọ́. Fún ọjọ́ mẹ́wàá, kílò mẹ́rin nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá gbé àpò oníkílò mẹ́wàá sílẹ̀, kílò mẹ́fà ló yẹ kẹ́ ẹ bá. Bẹ́ ẹ bá bá àpò òfìfo, ajá ẹlòmíì ló jẹ ẹ́. Èyí tó bá ń jẹ ẹ̀bà àti ẹja nílé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣàdédé yí i padà sí oúnjẹ gbígbẹ, inú rẹ̀ á ṣí.

Láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, ẹ wo òrùlé. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ ni. Lábẹ́ páànù tí kò ní sílìn, Lhasa onírun gígùn lè dákú lọ́sàn-án gangan.

Owó

Iye tí mo fẹ́ lò yìí, mo fi ṣe àpẹẹrẹ ni, kì í ṣe owó ọjà. Ká ní ilé ajá kan ní ₦3,000 lóòjọ́, dókítà ẹran ní ₦3,500. Ẹ gbé ajá sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, ẹ lọ gbé e láàárọ̀ Ajé. Bí ilé ajá bá ń ka ọjọ́, mẹ́rin ni: ₦12,000. Bí oúnjẹ bá wà lọ́tọ̀ ní ₦800, ó di ₦15,200. Bí dókítà bá ń ka òru, tí oúnjẹ sì wà nínú rẹ̀, mẹ́ta ni: ₦10,500. Èyí tó wọ́n lẹ́nu ló wá dínwó lọ́wọ́ yìí. Ẹ ṣírò báyìí kẹ́ ẹ tó na owó, kẹ́ ẹ sì fi owó ọkọ̀ kún un, torí pé kòrópé kì í fẹ́ gbé ajá. Awakọ̀ tó ń ronú ìrun ìrọ̀lẹ́ ò ní fẹ́ kí itọ́ ajá kan ṣòkòtò òun. Ẹ ó háyà ni.

Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì sílẹ̀, ìdajì nígbà tẹ́ ẹ bá ti rí ajá tẹ́ ẹ sì ti fọwọ́ pa á lára. Ẹ ṣe tíránsífà sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ibẹ̀, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ajá àti ọjọ́ sí i. Ẹ dá iye kan tí wọ́n lè ná lórí ìwòsàn bí wọn ò bá rí yín lórí fóònù, kí wọ́n sì kó páálí oògùn pa mọ́ fún yín. Bí ọ̀rọ̀ bá sì le débi pé Ibadan ló kàn, Veterinary Teaching Hospital tó wà ní University of Ibadan, ta ló máa wa ọkọ̀ gba Gbọ̀ngán lóru? Ẹ bèèrè ìyẹn náà. Bí wọ́n bá ń wo ara wọn lójú, ẹ ti rí èsì.

Èwo fún ta ni?

Ajá àgbà, ajá tó ń lo oògùn: dókítà. Ajá ńlá tó lágbára, tó lè bu àlejò jẹ: ilé ajá tí ẹni tó ni ín ń gbé inú ọgbà, torí pé ọmọ àbúrò yín ò lè mú un. Ọmọ ajá àti bíńgò tó ti mọ́ ilé lára: ilé ni. Ní oṣù Kejìlá nìkan ni mo máa ń ṣiyèméjì sí ti ilé, nítorí nọ́kaòtù. Ajá tí ìró yẹn bá dẹ́rù bà, á fo fẹ́ǹsì, èyí tó bá sì já sígboro lásìkò ọdún, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà, ẹni tó máa fi bọ Ògún náà wà.

Ṣebótimọ máa wà nílé lọ́dún yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló máa sùn tì í, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ń tì dáadáa. Mo ti ra ẹja pańla rẹ̀ sínú fíríìsà. Mo ti sọ fún ọmọ náà pé mo máa pè lálẹ́, n ò sọ alẹ́ ọjọ́ wo.