Ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń wá Mercedes SL àtijọ́ rà: ọkọ̀ aláwọ̀ wáìnì tí wọ́n ń gbé kiri Kabba àti Mopa

Ẹ̀yin ará ilẹ̀ Okun, okun o. Ẹni tó bá ń wá Mercedes SL àtijọ́, oníjókòó méjì tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Alágbàtà kan ń gbé ọ̀kan kiri báyìí láàrin Kabba, Iyara àti Mopa. Àwọ̀ wáìnì ni wọ́n kùn ún, ara rẹ̀ ń dán, irin tí wọ́n kọ orúkọ irú rẹ̀, 560SL, sí sì wà lẹ́yìn bọ́ọ̀tù rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ọkọ̀ bàbá ọlọ́lá kan nílẹ̀ wa níbí ni, pé láti Jámánì ni bàbá ti gbé e wálé ní tuntun, pé bàbá ti di olóògbé, àwọn ọmọ sì fẹ́ pín ogún kíákíá, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Yóò tún sọ pé ẹnì kan ń bọ̀ láti Abuja lọ́la, ṣùgbọ́n tí ẹ bá lè fi owó àsansílẹ̀ ránṣẹ́ lálẹ́ òní, òun á dá ọkọ̀ náà dúró fún yín.

Mẹ́káníìkì Benz ni mí ní Kabba. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló pè mí pé kí n bá òun yẹ ọkọ̀ yìí wò. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni SL ti ń wù ú, owó gírátúítì tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ló sì fẹ́ fi rà á. Kó tó pè mí ló ti fi owó àsansílẹ̀ ránṣẹ́. Inú mi ò dùn títí di báyìí. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí nìyí.

Nọ́ńbà ṣáásì ni mo kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ náà ni irọ́ ti tú. Láti 1971 títí di 1989 ni Mercedes fi ṣe SL yìí, 107 sì ni àwa tó ń tún un ṣe ń pè é, torí nọ́ńbà yẹn ló ṣíwájú nínú kóòdù rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ló máa sọ irú èyí tí ẹ ń wò fún yín: 107 044 ni 450SL, 107 045 ni 380SL, 107 046 ni 500SL, 107 048 ni 560SL. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1981 lọ, kóòdù rẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ óò sì rí BA45 nínú rẹ̀ tó bá jẹ́ 380, tàbí BA48 tó bá jẹ́ 560. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin ògiri tó pààlà láàrin ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi aṣọ nu ibẹ̀ dáadáa, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ẹ sì kà á fúnra yín. Ẹ má gba fọ́tò tó bá fi ránṣẹ́, torí fọ́tò ọkọ̀ míì ló fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wa.

BA45 ni mo kà. 380 ni. Ẹnì kan lọ ra irin 560 lọ́tọ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Àwọn kan lè ní kí ló wá burú níbẹ̀, SL ṣáà ni SL. Rárá o. 560SL, láti 1985 sí 1989 ni wọ́n ṣe é, ọjà Amẹ́ríkà, Japan àti Australia ni wọ́n sì ṣe é fún. Wọn ò tà á ní Jámánì, nítorí náà ìtàn bàbá tó rà á ní tuntun níbẹ̀ ti wó lulẹ̀ nìyẹn. Owó 560 sì ga ju ti 380 lọ púpọ̀. Èyí tó ká mi lára jù ni ti ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì. Àwọn 380SL tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà láti 1981 sí 1983, ṣéènì oníìlà kan ṣoṣo ló ń yí káàmù wọn, irin tó ń ṣí fáàfù. Ó máa ń fà, ó sì máa ń já. 1984 ni wọ́n tó padà sí oníìlà méjì. Tí ṣéènì yẹn bá já lójú ọ̀nà, àwọn pístíìnì á gbá àwọn fáàfù, àwọn fáàfù á tẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá ta 380 fún lórúkọ 560 kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun tètè wo ṣéènì náà. Ó lè máa gbé e sáré lọ sí Lokoja pẹ̀lú ìdílé rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ìwé ọkọ̀ ńkọ́? Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọdún 1988 ló nà sí wa, wọ́n sì kọ Kogi State sórí rẹ̀ gàdàgbà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. Ní 1988, abẹ́ Kwara ni Kabba, Ijumu àti gbogbo ilẹ̀ Yagba wà. Àwọn òbí wa tó ń lọ sí Ilorin fún gbogbo ọ̀rọ̀ ìjọba nígbà yẹn ṣì wà láàyè. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó yí ohùn padà: ó ní ìwé àtijọ́ ti sọnù, pé tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé ni ọkọ̀ náà gan-an. Ìyẹn náà kò ràn án lọ́wọ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, òfin kọ́sítọ́ọ̀mù sì ti fi ààlà sí bí ọkọ̀ àlòkù ṣe lè dàgbà tó kó tó wọlé. Ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹnubodè wọlé láìpẹ́ yìí, ẹrù fàyàwọ́ ni. Tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá gbá a mú lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin lẹ máa pàdánù rẹ̀, kì í ṣe òun.

Ó ní ọkọ̀ ìdílé ni, ṣùgbọ́n kò gbà kí á lọ sílé ìdílé náà. Ẹ̀gbẹ́ ilé epo kan lójú ọ̀nà Obajana ló ní kí á ti pàdé. Nílẹ̀ wa níbí, kò sí bàbá ọlọ́lá tó máa kú tí ará ìlú rẹ̀ ò ní mọ̀. Ẹ bi í ní orúkọ ìlú àti agbo ilé, kí ẹ pe ẹnikẹ́ni tí ẹ bá mọ̀ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ogún lóòótọ́, olórí ẹbí àti àwọn ọmọ yòókù gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ kan lè dìde lọ́la kó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín. Mo sì bẹ yín, ẹ mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí lásìkò yìí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gbé owó lọ bá àjèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kódà tí kì í bá ṣe gbájúẹ̀, ẹ̀mí ṣáà ju ọkọ̀ lọ. Orúkọ àkáǹtì tó fún ẹ̀gbọ́n wa kò bá orúkọ tirẹ̀ mu, kò sì bá èyí tó wà lórí ìwé ọkọ̀ mu. Ìyẹn nìkan ti tó láti dá owó dúró.

Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Nígbà tí a dé, tiẹ̀ ti gbóná janjan. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé ni. Ẹ́ńjìnnì tútù ló máa ń sọ òótọ́: tí ẹ bá kọ́kọ́ ta á láàárọ̀, ẹ óò gbọ́ bóyá ṣéènì ń dún ṣaka-ṣaka, ẹ óò sì rí bóyá èéfín búlúù ń jáde lẹ́yìn. Tó bá ti gbóná, gbogbo rẹ̀ á fara pamọ́. Mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde, ọ́ìlì náà ki jù. Èmi gbà pé wọ́n ti da oògùn tó ń mú un ki sínú rẹ̀ kí ariwo má bàa jáde. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé ẹ fẹ́ bá ọkọ̀ náà ní tútù, ní aago méje àárọ̀. Tó bá kọ̀, ẹ máa lọ sílé.

Mo fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé òòfà kékeré kan, mo ń fi kan ara ọkọ̀ náà káàkiri. Ní àárín ilẹ̀kùn, ó lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Nígbà tí mo dé irin ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà, èyí tó gùn láti ẹ̀yìn táyà iwájú dé iwájú táyà ẹ̀yìn, òòfà já bọ́. Bọ́dì-fílà ni wọ́n rọ́ síbẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà bò. SL kò ní òrùlé irin tó dúró ṣinṣin bíi ti ọkọ̀ yòókù, irin ìsàlẹ̀ yẹn ló ń gbé gbogbo ara rẹ̀. Tí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ tán, ọkọ̀ náà lè tẹ̀ láàárín. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ sókè, ẹ wo ibi tí jáàkì ti ń gbé e, ẹ wo abẹ́ táyà àpamọ́ nínú bọ́ọ̀tù, kí ẹ sì wo ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé níwájú gíláàsì, torí ewé máa ń dí ojú ọ̀nà omi níbẹ̀, omi á wá dúró, á máa jẹ irin ògiri ẹ́ńjìnnì. Ibi tí ìpẹtà bá ti jẹ ògiri yẹn, mi ò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó ra ọkọ̀ náà, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ra SL o. Kò sí ọkọ̀ tí mo fẹ́ràn tó o. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Tí ẹ bá ní náírà 100, lójú tèmi, ẹ má ná ju 70 lọ láti fi rà á, kí ìyókù wà fún iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe sí i kí ẹ tó gbé e lọ síbikíbi.

Epo ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó, torí iná. Púpọ̀ nínú àwọn 107 ló ń lo K-Jetronic ti Bosch, ẹ̀rọ tó máa ń fi agbára ńlá, bíi bar 5, ti epo lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Họ́ọ̀sì rọ́bà tó ti lo ọgbọ̀n ọdún, tó bá sán díẹ̀, ńṣe ló máa tu epo sára irin gbígbóná. Ẹ pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì epo, láti ẹ̀yìn níbi pọ́ǹpù títí dé iwájú. Tí ọkọ̀ bá ti dúró pẹ́, ẹ fa epo inú táǹkì dànù, ẹ fọ táǹkì, ẹ pààrọ̀ fílítà epo. Ìdọ̀tí táǹkì tó bá dé inú irin tó ń pín epo fún ẹ́ńjìnnì máa gba owó gọbọi lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí ìdérí fáàfù ní ọ̀tún àti òsì. Àwọn ike tí ṣéènì ń fara yí lórí rẹ̀ máa ń gan pẹ̀lú ọjọ́ orí, wọ́n á kán, èérún wọn á sì já sínú ṣéènì. Ẹ pààrọ̀ wọn pẹ̀lú ṣéènì àti ohun tó ń fà á le. Ẹ wo àwọn páìpù tín-ín-rín tó ń ta ọ́ìlì sórí káàmù náà, ike tó dè wọ́n máa ń bọ́, káàmù á sì máa jẹ láìsí ọ́ìlì.

Omi ńkọ́, nínú ooru wa yìí? Ẹ́ńjìnnì 380, álúmíníọ̀mù ni látòkè délẹ̀, omi kànga lásán á jẹ ẹ́. Kúláǹtì gidi ni kí ẹ lò. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni yọ témósítáàtì, ohun tó ń darí ọ̀nà tí omi ń gbà, jù nù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwa mẹ́káníìkì ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọkọ̀ á tutù. Nínú Benz yìí, tí ẹ bá yọ ọ́, apá kan omi náà á máa yí padà sínú ẹ́ńjìnnì láì gba rédíétọ̀ kọjá, ọkọ̀ á sì gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ti gíà àti ti dífù ẹ̀yìn, ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn. Omi bíréèkì DOT 4 tuntun, pẹ̀lú họ́ọ̀sì bíréèkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn kóòdù tí wọ́n kọ DOT sí níwájú: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré ni, wọ́n ti ṣe táyà yẹn kó tó di ọdún 2000, ẹ má gbé e dé títì. Ní ti ẹ̀yà ara, ẹ́ńjìnnì 380 yìí jọra pẹ̀lú ti 380SE, Benz onílẹ̀kùn mẹ́rin, nítorí náà ẹ lè rí púpọ̀ nínú rẹ̀ ní Ladipo tàbí Apo. Rọ́bà òrùlé àti irin ara ọkọ̀ ni kò rọrùn láti rí, ẹ rí i pé wọ́n pé kí ẹ tó rà á.

Alágbàtà yìí kò gbé ìpè ẹ̀gbọ́n wa mọ́. Arákùnrin kan ní Isanlu sọ fún mi pé òun náà ti san owó lórí ọkọ̀ kan náà. Ẹni tó bá tún ti sanwó, ẹ lọ sí báńkì yín lónìí, kí ẹ sọ fún wọn pé jìbìtì ni kí wọ́n lè tètè wo àkáǹtì náà. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ bá a sọ lórí WhatsApp rẹ́, ẹ tọ́jú rìsíìtì owó tí ẹ fi ránṣẹ́ àti fọ́tò ọkọ̀ tó fi hàn yín. A fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá ní Kabba, bí a bá sì ṣe pọ̀ tó ni wọ́n á fi tètè dá wa lóhùn. Mo ti kọ nọ́ńbà ṣáásì ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá tún gbé SL aláwọ̀ wáìnì wá bá, kó kọ nọ́ńbà ṣáásì ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, mo máa sọ fún un lójú ẹsẹ̀ bóyá òun náà ni.