Bàtà Ajá, Àpò Rọ́bà àti Ìpara Ẹsẹ̀: Èwo Ló Ń Dáàbò Bo Àtẹ́lẹsẹ̀ Ajá?

Ọjà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ ajá rẹ̀ bó tàbí kó ya: bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, irú Grip Trex tí Ruffwear ń ṣe, àpò rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí Pawz ń ṣe, àti ìpara onída tí wọ́n ń pè ní Musher's Secret. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé iṣẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe. Irọ́ ni. Ẹni tó fi ìpara lé ajá rẹ̀ sórí títì ọlọ́dà lọ́sàn-án gangan kò dáàbò bo ohunkóhun.

Ìpara náà ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí òun làwọn èèyàn ń ṣì lò jù. Ìda ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn ajá tó ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín ni wọ́n sì torí wọn ṣe é. Kì í jẹ́ kí yìnyín dì mọ́ àárín ìka, kì í jẹ́ kí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà láti fi yọ́ yìnyín tètè jẹ ara, ó sì ń mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti gbẹ tó sì ń sán rọ̀. Ìwọ̀nba tí orí ìka kan lè bù tó ẹsẹ̀ kan. Ẹ fi ra àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ìka, kí ẹ dúró díẹ̀ kó wọra kí ajá tó tẹ ilẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ẹsẹ̀ á máa yọ̀ lórí táìlì. Àmọ́ kì í dá ooru dúró, àfọ́kù ìgò àti ẹ̀gún ò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ má sì fi ìpara ara èèyàn rọ́pò rẹ̀: ó ń mú àtẹ́lẹsẹ̀ rọ̀ jù, ajá á sì lá a.

Àpò rọ́bà ò ní okùn, kò nípọn nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ ajá sì ń mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ajá tó kórìíra bàtà fi máa ń gbà á. Ibi tó ti dára jù ni ojú ọ̀nà oníyọ̀, ẹrẹ̀, pápá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn sí, tàbí kéèyàn fi bo ẹsẹ̀ tí wọ́n ti di egbò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gé èékánná, tí ẹ ò bá fẹ́ kó lu ú nígbà àkọ́kọ́. Ìṣòro méjì ló ní. Àkọ́kọ́, kì í gba afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ ajá máa ń làágùn. Tí rírìn bá ti parí, ẹ bọ́ ọ kíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àárín ìka á rin, á pọ́n, á sì máa yún. Èkejì, ẹnu rẹ̀ lè fún ẹsẹ̀ jù. Bí ẹsẹ̀ bá wú tàbí tó tutù ju àwọn yòókù lọ, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Bàtà gidi la fọwọ́ sí fún ilẹ̀ gbígbóná, ìgò, ìṣó àti òkúta ẹlẹ́nu mímú. Ìsàlẹ̀ Grip Trex jẹ́ rọ́bà tí iléeṣẹ́ Vibram ń ṣe, òkè rẹ̀ jẹ́ aṣọ tó ń gba afẹ́fẹ́, okùn Velcro tó ń lẹ̀ mọ́ra ló sì fi ń dúró. Iyanrìn lè gba ara aṣọ náà wọlé, nítorí náà ẹ gbọn bàtà lẹ́yìn etí omi. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n kò bá bá ẹsẹ̀ mu, owó ti ṣòfò. Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí: ẹ fi bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ iwájú kan, ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú kejì sókè kí ara ajá lè tẹ èyí tó wà nílẹ̀, kí ìka sì fẹ̀ dáadáa. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ọ̀tún àti òsì níbi tó fẹ̀ jù, kí ẹ wọn àárín àmì méjèèjì ní mìlímítà. Ẹ ṣe bákan náà fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, torí ti iwájú ló sábà máa ń fẹ̀ jù. Bí ìwọ̀n bá bọ́ sáàárín nọ́ńbà méjì, èyí tó kéré la máa ń mú: bàtà tó tóbi á yí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wá sí ẹ̀gbẹ́, ajá á sì máa tẹ aṣọ.

Okùn náà gbọ́dọ̀ wà níbi tí ẹsẹ̀ ti tín-ín-rín jù, lókè àtẹ́lẹsẹ̀, kó fún débi tí orí ìka kan á fi há wọlé. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tún un so. Èékánná kékeré tó wà lókè, ní ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ iwájú, ni bàtà máa ń kọ́kọ́ ha. Bí irun ibẹ̀ bá ń re tàbí tí awọ ń pọ́n, ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbà á. Kí ẹ tó rà, ẹ fọwọ́ ká ìsàlẹ̀ bàtà. Èyí tí kò bá ká, ajá á máa fi rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú.

Ajá á kọ́kọ́ máa gbé ẹsẹ̀ sókè ṣáṣá. Ẹ fi méjì ti iwájú wọ̀ ọ́ nínú ilé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fún un ní ohun tó fẹ́ràn láti jẹ, ẹ wá fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ mú un jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ní ti ooru, bí afẹ́fẹ́ bá wà ní 25°C, ọ̀dà tí oòrùn ń pa lè kọjá 50°C. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e fún ìṣẹ́jú àáyá 7. Bí ẹ ò bá lè fara dà á, ẹsẹ̀ ajá náà ò lè fara dà á. Bàtà ń dín ooru ilẹ̀ kù, kì í dá ti ara ajá dúró, nítorí náà òwúrọ̀ kùtùkùtù ṣì sàn. Ìrọ̀lẹ́ ń tanni jẹ, torí títì ṣì ń gbóná lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀.

Bàtà wà o, bàtà ò sí, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ bá délé, pàápàá lórí ọ̀nà oníyọ̀, torí ajá á lá a, inú rẹ̀ á sì dàrú. Ẹ nu àárín ìka gbẹ. Àfọ́kù tó wà lókè, ẹ fi ẹ̀mú yọ ọ́. Èyí tó wọlé jinlẹ̀, ẹ má fà á, dókítà ẹranko ni kó yọ ọ́.

Ẹ sá bàtà sí atẹ́gùn kó gbẹ tinú tòde, kí ẹ sì máa wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi orí ìka, torí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń jẹ. Wọ́n ń ta Grip Trex ní méjì-méjì, nítorí náà bí ti iwájú bá gbó, kò pọn dandan kí ẹ ra mẹ́rin.