Íńtákọ̀mù ọ́fíìsì wa, ihò PHP, àti àwọn tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀ l'Óṣogbo

Ìbínú ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ilé-iṣẹ́ tó bá wa fi íńtákọ̀mù sí ọ́fíìsì wa ní Ògo-Olúwa, tí a sì ń sanwó ìtọ́jú fún lọ́dọọdún, gbé ìwé kan wá bá mi pé PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ ètò inú ẹ̀rọ náà, ti di ihò tí olè lè gbà wọlé káàkiri, pé àfi kí a ra odidi ẹ̀rọ mìíràn. Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rù gbowó lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan nínú òṣìṣẹ́ wọn ló wá là mí lọ́yẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Oògùn la ń tà. Àwọn oníkẹ́místì Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀ ló ń rà á lọ́wọ́ wa, a sì ní ẹ̀ka ní Ẹdẹ àti Ìkìrun. FreePBX ni ètò tó ń darí íńtákọ̀mù wa, mi ò sì ní ẹjọ́ kankan bá a rò. Ọmọ tó wà ní kántà Ẹdẹ á tẹ nọ́ńbà mẹ́ta, sítọ́ọ̀ Òṣogbo á gbé e, orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ti sanwó fún ni ohùn ń gbà, kò sí pé kírẹ́dìtì tán. Oníbàárà tó bá pè wá láti ìta á kọ́kọ́ gbọ́ ohùn màmá tó pẹ́ jù níbi iṣẹ́ wa, tó ń kí wọn káàbọ̀ ní Yorùbá tó já gaara, kó tó ní kí wọ́n tẹ ení fún oògùn, kí wọ́n tẹ èjì fún ọ̀rọ̀ owó. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn ohùn yẹn gan-an.

Ọkùnrin tó ń bá wọn tajà ló mú ìwé náà wá. Ó ti fi ètò kan yẹ ẹ̀rọ wa wò láti ọ́fíìsì wọn, ìlà pupa sì kún gbogbo ojú ìwé. Ó ní, "Mà, PHP yín ti kú láti 2022." Òótọ́ ni ìyẹn. FreePBX 16 ni tiwa nígbà náà, PHP 7.4 ló ń lò, àwọn tó ń ṣe PHP sì ti dẹ́kun àtúnṣe ààbò fún 7.4 láti 28 Oṣù Kọkànlá 2022. Ṣùgbọ́n ó wá fi ìka lé ìlà kan, CVE-2024-4577 (CVE ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ihò ààbò kọ̀ọ̀kan mọ̀), ó ní èyí nìkan ti tó láti gba ilé-iṣẹ́ wa mọ́ wa lọ́wọ́. Mo ní kó ṣàlàyé bí olè ṣe máa gba ibẹ̀ wọlé. "Ó léwu gan-an, mà." Mo ní ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni l'Óṣogbo rí. "Mà, ó léwu." Mo bi í bóyá kò sí àtúnṣe tí wọ́n lè ṣe sí èyí tó wà nílẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé kejì. Iye owó ẹ̀rọ tuntun ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àfikún pé bí a bá san án kí oṣù tó parí, wọ́n á yọ díẹ̀ kúrò fún wa. Mo kí i pé ó ṣeun, mo sì ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ìparí oṣù yẹn, tí ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sinmi lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun, àbúrò akáńtáǹtì wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ékòó fi ìròyìn ránṣẹ́ sí i. Ní 26 Oṣù Kẹjọ 2025, àwọn tó ń ṣe FreePBX fúnra wọn kìlọ̀ pé àwọn olè ti ń gba ojú ewé àkóso ẹ̀rọ, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀, wọlé láìní password, pé kí ẹni tí ojú ewé tirẹ̀ bá ṣí sí íńtánẹ́ẹ̀tì tètè tì í. Nọ́ńbà tí wọ́n fún ihò náà ni CVE-2025-57819. Máàkì ewu rẹ̀ jẹ́ 10 nínú 10.

Mo pe ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kí n tẹ ení, mo tẹ ẹ́. Orin ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo tẹ èjì, orin kan náà. Mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí WhatsApp wọn, ìdáhùn tó wá ni pé wọ́n ti gba ẹ̀sùn mi, kí n ní sùúrù. Tẹlifóònù ni àwọn èèyàn yìí ń tà o! Ìgbà tí mo wá pe nọ́ńbà ọkùnrin tó ń tajà, ojú ẹsẹ̀ ló gbé e. "Mà, ṣé ẹ ti ṣetán láti san owó ẹ̀rọ náà?" Mo sọ ohun tí a gbọ́ fún un. Ó ní, "Ohun tí mo sọ fún yín náà nìyẹn, PHP ni." Ara mi gbóná débi pé n kò lè dá a lóhùn. Nọ́ńbà gbogbo oníbàárà wa wà nínú ẹ̀rọ yẹn, ohùn ìpè tí a gbà sílẹ̀ wà níbẹ̀, owó ojú ọjà ni ọkùnrin yìí sì ń bá mi ná.

Akáńtáǹtì wa ló ní nọ́ńbà ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà lábẹ́ wọn, tó wá tún okùn kan ṣe fún wa nígbà kan. A pè é, ó sì wá láti Òkè-Baálẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nínú òjò. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò jókòó. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, "Mà, ta ló lè rí ojú ewé àkóso ẹ̀rọ yìí láti ìta?" Mo ní n kò mọ̀. Ó mú fóònù ara rẹ̀, ó pa Wi-Fi wa lórí rẹ̀, ó tan dátà tirẹ̀, ó tẹ àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì wa, ojú ewé tí wọ́n ti ń bèèrè password sì yọ gbangba. Ẹnikẹ́ni ní ayé yìí lè rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ibí ni ọ̀rọ̀ wà, mà."

Kò fọwọ́ kan update kankan kó tó tì í. Ó kọ́kọ́ wọ inú ráútà, ó dí ọ̀nà ìta pa. Ó wá wọ inú FreePBX, ó ṣètò fáyawọ́ọ̀lù, ẹ̀ṣọ́ tó ń yan ẹni tó lè wọlé, pé àdírẹ́sì ọ́fíìsì wa àti ti ẹ̀ka méjèèjì nìkan ni kó lè dé ibẹ̀. Ó tún fi fóònù rẹ̀ wò ó láti ìta, kò ṣí mọ́. Àsìkò yẹn ni iná lọ. A dúró de jẹnẹrétọ̀, ó sì lo àkókò náà láti ṣàlàyé fún mi.

Ó ní ihò tuntun yìí kò sí nínú PHP fúnra rẹ̀ rárá. Inú module kan, ìyẹn apá kan nínú FreePBX, tí wọ́n ń pè ní Endpoint ló wà, èyí tí wọ́n fi ń ṣètò àwọn fóònù orí tábìlì. PHP ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní, "Pákó ò ṣe nǹkan kan, mà. Káfíńtà tó kan ìlẹ̀kùn ló fi àyè sílẹ̀." Nítorí náà, ká tiẹ̀ ra ẹ̀rọ tó ní PHP tuntun jù lọ, bí Endpoint àtijọ́ bá wà lórí rẹ̀, tí ojú ewé náà sì ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa gbà wọlé. FreePBX 15, 16 àti 17 ni ihò náà kàn.

CVE-2024-4577 tí wọ́n fi dẹ́rù bà mí ńkọ́? Mo gbé ìwé náà fún un. Ó kà á, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní inú PHP gan-an ni ìyẹn wà lóòótọ́, pé wọ́n sì tún un ṣe ní Oṣù Kẹfà 2024, ṣùgbọ́n orí Windows níbi tí wọ́n bá ti ń lo PHP lọ́nà kan tí wọ́n ń pè ní CGI ló ti ń ṣọṣẹ́. Linux ni ẹ̀rọ wa. Kò kàn wá. Mo tún un bi í, ó tún un sọ fún mi láìyí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní ètò tó yẹ ẹ̀rọ wò kàn rí 7.4 ni, ó sì to gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí PHP láti ìgbà náà síwájú wa. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tó máa jókòó yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò. Ọwọ́ ẹni tó ń tajà kọ́ ló yẹ kó wà.

Nígbà tí iná dé, ó ṣe update Endpoint sí 16.0.89 tí àtúnṣe náà wà nínú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ipasẹ̀ olè. Ó jẹ́ kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n fojú ara mi rí i. Ṣé fáìlì .clean.sh wà ní /var/www/html? Kò sí. Ṣé wọ́n ti yí /etc/freepbx.conf padà tàbí wọ́n ti yọ ọ́? Rárá. Ṣé ẹnì kan ti ránṣẹ́ sí modular.php láti 21 Oṣù Kẹjọ? Ṣé ìpè kankan ti lọ sí nọ́ńbà 9998? Ṣé orúkọ ampuser wà láàárín àwọn tó ní àṣẹ? Kò sí, kò sí, kò sí. Àwọn àjèjì tó ń gbìyànjú password lójú ewé náà nìkan ló pọ̀ bí nǹkan mìíràn. Ó ní bí wọ́n bá rí ọ̀nà wọ ẹ̀rọ bíi tiwa, ohun tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe ni pé wọ́n á fi pe nọ́ńbà olówó ńlá lókè òkun lóru tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀, bíìlì á sì bọ́ sọ́rùn wa. Ọkàn mi balẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, inú mi sì dùn sí ọmọ yẹn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ìgbà tó ń palẹ̀ mọ́ ni mo bi í pé ta ló ṣí ojú ewé náà sílẹ̀. Kò bẹ̀rù láti sọ ọ́. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ló ní kí wọ́n ṣí i lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀, kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìjáde kúrò ní ọ́fíìsì. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ yẹn la ti wà níta gbangba, a sì ń san owó ìtọ́jú tí wọ́n kọ "ààbò" sínú ìwé àdéhùn rẹ̀.

Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, wọ́n fi bíìlì ránṣẹ́, wọ́n pè é ní iṣẹ́ pàjáwìrì. Mo lọ bá máníjà wọn pẹ̀lú ìwé àdéhùn lọ́wọ́. Ó ní ọmọbìnrin náà kò gba àṣẹ kó tó wá. Mo ní ta ni ìbá fún un láṣẹ nígbà tí ẹ ò gbé fóònù? Ó ní òun á wò ó. Nígbà tó yá, wọ́n fagi lé bíìlì náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ má bínú. Mo tún ní kó fi í sínú ìwé pé wọn ò ní fi ohunkóhun ṣe ọmọbìnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín, kò kọ ọ́. Ọmọbìnrin náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn títí di ìsinsìnyí, mo sì ń béèrè rẹ̀ nígbà gbogbo.

Mo gbà pé FreePBX 16 yẹn kò yẹ kó pẹ́ mọ́ lọ́wọ́ wa. Yàtọ̀ sí PHP 7.4, ara CentOS 7, irú Linux kan, ni ètò tó gbé e dúró ti wá, ìtọ́jú CentOS 7 sì parí ní 30 Oṣù Kẹfà 2024. FreePBX 17 ń lo PHP 8.2 lórí Debian 12, Linux mìíràn, ọ̀fẹ́ sì ni ètò náà fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbé wa lọ sórí rẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n ní ó ti di àlòkù. A kò ra nǹkan kan. Fóònù gbogbo dún láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àfi ohùn màmá wa tó sọnù: gẹ̀ẹ́sì obìnrin òyìnbó kan ni àwọn oníbàárà Ìkìrun ń gbọ́, àwọn kan tilẹ̀ ń rò pé nọ́ńbà ò yẹ. Ó padà wá ohùn náà kàn nínú bákọ́ọ̀pù, ó sì dá a padà síbi tó wà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, torí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níkẹyìn dára, n kò sì ní í kúrò lọ́dọ̀ wọn nígbà tí ọmọbìnrin yẹn bá ṣì wà níbẹ̀. Mo ti bi wọ́n bóyá wọ́n ti ti ojú ewé àwọn oníbàárà wọn yòókù, wọn ò tíì dá mi lóhùn. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá bá yín fi irú íńtákọ̀mù yìí sí ọ́fíìsì, ẹ pa Wi-Fi lórí fóònù yín, ẹ fi dátà tẹ àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì yín wò lónìí. Bí ibi tí wọ́n ti ń bèèrè password bá yọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta PHP fún yín kó tó tì í.